Wọn Ò Bi Ará Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Léèrè

Ohùn Adájọ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn, kí n tó rí ojú rẹ̀. Gbogbo ìlú ló ń gbọ́ ohùn náà lórí rédíò ní àràárọ̀ Sátidé, ohùn tó wúwo, tó sì rọ̀, tó ń wọ etí lọ bí ẹni ń da omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí ẹsẹ̀ ẹni tó ti rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni ohùn yẹn ń pè ní "Ìfẹ́ mi" nígbà tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ. Bó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, inú mi á máa dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà fún.

Ọkọ̀ ló ń ṣèdájọ́ fún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Adájọ́. Bí ilé iṣẹ́ kan bá gbé ọkọ̀ tuntun jáde, wọ́n á yá wa ní ọ̀kan. A ó wà á, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó tú u wò, Adájọ́ á wá bọ́ sórí rédíò, á sọ fún àwọn tó ní ìdílé bóyá kí wọ́n rà á ni tàbí kí wọ́n sá fún un. Bó bá ti sọ ọ́, abẹ gé e. Mo mọ bàbá kan tó sún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ síwájú nítorí pé Adájọ́ ò tíì sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ tí ìyàwó máa gbé wọlé.

Iṣẹ́ tèmi ni láti kó èrò sínú ọkọ̀. Èrò wa kì í ṣe èèyàn o. Àpò iyanrìn ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ nìyẹn: àpò ńlá fún bàbá, àpò àárín fún ìyá, kéékèèké fún àwọn ọmọ. Màá gbé wọn jókòó, màá fi bẹ́líìtì dè wọ́n. Ẹnì kan tó ti kúrò lọ́dọ̀ wa tilẹ̀ ti fi ọ̀dà ya ojú àti ẹnu sí wọn lára, gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Adájọ́ á wà wọ́n yí pápá ká, á sáré, á tẹ bíréèkì lójijì. Bí àpò kankan ò bá ré bọ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ dára nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń jókòó sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń wò ó pé ó yẹ kí ẹnì kan jókòó síbẹ̀.

Lásìkò tí mo ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹbí tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, bí ọmọ mẹ́rin. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ìgbà tí òkun bá fẹ́ ló ń wálé. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tó ń gbé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà, tó ń gbé gbogbo wọn kiri látàárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọkọ̀ tó ń lò ti pẹ́. Àwọn ọmọ ń pè é ní Búrẹ́dì, nítorí pé ó rí gbọ̀ọ̀rọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọn ò tíì gé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe Búrẹ́dì náà ló wá tún un ṣe láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n sọ tuntun náà ní Ìtura. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dá Búrẹ́dì padà fún ọlọ́jà ọkọ̀, kó sì fi owó kún un gba Ìtura.

"Àbúrò," ló wí fún mi, "ohun tí Adájọ́ bá sọ ni màá ṣe. Ṣé àna mi ni yóò wá tàn mí jẹ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ẹ fi orí lé e kí ẹ sùn."

Ọjọ́ tí wọ́n gbé Ìtura wá, àfi bíi pé wọ́n mú ìyàwó wọlé. Ìmọ́lẹ̀ iwájú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ojú ẹni tó lé tìróò. Ara rẹ̀ ń dán débi pé mo rí eyín ara mi nínú ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ò ní ọwọ́ tí èèyàn ń fà mọ́, bọ́tìnnì dúdú kan bíi àmì ara ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì ni Búrẹ́dì ní, ọ̀tún àti òsì. Ìtura ò ní ju ọ̀kan lọ, wọ́n ti dí ìkejì kí ara rẹ̀ lè gún. Kápẹ́ẹ̀tì funfun ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀. Funfun, nínú ọkọ̀ tí ọmọdé máa wọ̀!

Adájọ́ yí i po. Ó fi ọwọ́ gbá mi mọ́ra ní ìbàdí, ó mí kanlẹ̀. "Wò ó," ó ní, "kò jọ ọkọ̀ ìdílé mọ́ rárá."

Lẹ́nu rẹ̀, kò sí ìyìn tó ju ìyẹn lọ. Èmi náà mí kanlẹ̀. Ká sọ òótọ́, mo jowú ọkọ̀ náà díẹ̀.

Ìyá Ẹ́ńjìnnì tutọ́ sílẹ̀. Àwọn ni ọ̀gá àwọn tó ń tú ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó kàwé yanjú, tí kì í gba àwíjàre lẹ́nu ẹnikẹ́ni. "Mo ti rí ẹni tó kun àtíkè sójú tí ò fọ ẹ̀yìn etí rí," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń wọlé lọ.

Adájọ́ rẹ́rìn-ín. Mo kó àpò sínú ọkọ̀, ó wà á, àpò kankan ò ṣubú. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ mọ́ ọkọ̀ náà: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákẹ́ bí ológbò, bíréèkì rẹ̀ ń mú, epo tó ń jẹ ò tó nǹkan. Nígbà tí Adájọ́ bọ́ sílẹ̀, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yìn pé," ó ní. "Ó ku Sọ́ńdè, kí n gbé ẹbí rẹ jáde nínú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n rí ọkùnrin tó fẹ́ gbé ọmọ wọn níyàwó."

Mi ò sùn mọ́jú ọjọ́ náà, ayọ̀ ló pa oorun mi.

Sọ́ńdè náà, Adájọ́ wọ bàtà funfun, ó sì fín lọ́fínńdà tó fi jẹ́ pé a gbóòórùn rẹ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn. Ó bọ̀wọ̀ fún ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Ó ní kí n wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun níwájú. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi jókòó síbẹ̀, òun ló fẹ́ rà á. Ìyá Àgbà àti àwọn ọmọ méjì tó wà láàárín jókòó sáàárín. Èmi, Àkọ́bí, àti Àbíkẹ́yìn, ọmọkùnrin kékeré tó jẹ́ ẹyinjú gbogbo ará ilé náà, a lọ sẹ́yìn pátápátá.

Kí èèyàn tó dé ibẹ̀, ó di dandan kó tẹ ìjókòó àárín ba, kó fi àyà wọ́ kọjá. Nígbà tí mo jókòó, orúnkún mi kan àgbọ̀n mi. Òórùn rọ́bà tuntun àti gúlúù ló kún ibẹ̀, ó ń ta imú. Fèrèsé ibẹ̀ kò ju àwo oúnjẹ lọ, kì í sì í ṣí.

A ò tíì jìnnà nígbà tí àágùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lẹ́yìn mi. Mo na ọwọ́ sí ojú afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí wa. Kò fẹ́. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Mo wá ti ìka bọ̀ ọ́. Ìka mi kan ike. Kò sí ihò níbẹ̀! Wọ́n kàn gbẹ́ ojú afẹ́fẹ́ síbẹ̀ fún ẹwà ni, bí ẹni ya ilẹ̀kùn sára ògiri tí kò ní yàrá.

Àkọ́bí, tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, wò mí, ó ní, "Àǹtí, irọ́ ni, àbí?"

"Dákẹ́."

"Irọ́ ni. Tọ̀hún náà irọ́ ni. Mo ti fi bírò gún un wò."

Mo gbóhùn sókè. "Adájọ́! Ooru wà níbí o!"

"Ooru kẹ̀?" ló dáhùn láti iwájú, ó ń gbọ̀n orí sí orin. "Ìfẹ́ mi, ọkọ̀ yìí tutù bí ìdí àmù!" Ó sì tún fi kún ẹ̀rọ atutù náà. Níwájú lọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi fa ìborùn mọ́ra, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Lẹ́yìn, irun Àbíkẹ́yìn ti lẹ̀ mọ́ iwájú orí rẹ̀ bí ẹni tó jábọ́ sódò.

Ìyá Àgbà ní, "Ọmọ mi, ṣí fèrèsé díẹ̀."

"Ìyá, fèrèsé ẹ̀yìn kì í ṣí nínú tuntun yìí. Ó ń jẹ́ kí ara ọkọ̀ gún régé."

"Ara ọkọ̀ gún," ni Ìyá Àgbà wí. "Ara tèmi ń kọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, Adájọ́ náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, nítorí pé Àbíkẹ́yìn ti di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù nini nínú ooru yẹn. Ó ní, "Àǹtí, inú ń rú mi."

"Adájọ́, dúró! Inú ń rú ọmọ!"

"Kó mí sínú, kó mí síta. Á lọ."

Kò lọ. Bí a ṣe yí kọ̀rọ̀ kan, ọmọ náà la ẹnu, wàrà tó mu láàárọ̀ àti ọsàn tó jẹ lé e lórí sì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí omi ẹ̀rọ tó já. Ó gba orí ìjókòó kọjá, ó bà sí èjìká Ìyá Àgbà, ó sì ṣàn wálẹ̀ sínú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ń gbà yọ́ lọ yọ́ bọ̀. Ọmọ náà tún bì. Òórùn kíkan gba gbogbo inú ọkọ̀, ó pàdé lọ́fínńdà Adájọ́ lójú ọ̀nà, àwọn méjèèjì sì di ẹyọ kan. Àwọn ọmọ tó wà láàárín pariwo. Èébì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀kan nínú wọn náà.

Mo gbójú sókè, mo rí ojú olólùfẹ́ mi nínú dígí iwájú. Mo rò pé ó máa ní, "Pẹ̀lẹ́." Mo rò pé ó máa bi mí pé, "Ṣé ọmọ náà ń mí?"

Ó ní, "Kápẹ́ẹ̀tì! Ẹ má jẹ́ kó kan kápẹ́ẹ̀tì!"

"Dúró, ká lè sọ̀ kalẹ̀!"

"Mi ò lè dúró níbí. Wọ́n mọ̀ mí ládùúgbò yìí. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n rí mi báyìí ni?"

Ó sì ń wakọ̀ lọ. Ó kọjá iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó kọjá ibi táwọn èèyàn jókòó sí, ó ń wá ibi kọ́lọ́fín tí ẹnì kankan ò ti ní rí i. Gbogbo àkókò yẹn, èébì ń rìn sókè sódò nínú kòtò ilẹ̀kùn bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, bí omi nínú ọpọ́n. Mo tú gèlè orí mi, mo fi nu ẹnu ọmọ, mo fi nu èjìká Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà kàn di imú wọn mú, wọ́n ń wo ẹ̀yìn orí Adájọ́ bí ẹni ń wo ẹran tó ti bà jẹ́ lórí àtẹ.

Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí kan ló ti wá dúró. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ilẹ̀kùn yọ́ díẹ̀, ó fi àyè tí kò gba ju àtẹ́lẹwọ́ lọ sílẹ̀, ó kùn bí ajá tí wọ́n gba eegun lẹ́nu rẹ̀, ó sì padà pa dé. Mo tún un tẹ̀. Ó tún kùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ mira mọ́, àfi ariwo pín-pín-pín tó ń dún lórí wa. Mo wá ibi tí mo lè fà. Kò sí. Adájọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìta, kò gbà fún òun náà.

"Ẹ rọra gba iwájú," ó ní.

Bí Ìyá Àgbà, tí orúnkún wọn kò tíì tẹ̀ dáadáa láti ọdún tó kọjá, ṣe di ẹni tó ń fi ikùn wọ́ láàárín ìjókòó méjì nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ń fà wọ́n lápá, èmi ń tì wọ́n nídìí, ẹsẹ̀ wọn kan há sára jíà. Gèlè wọn jábọ́. Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń kúnlẹ̀ kí! Adájọ́ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, áńkáṣíìfù nímú rẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ rọra, Ìyá, ẹ má fi ẹsẹ̀ kan rédíò yẹn."

Nígbà tí gbogbo wa jáde tán, Àbíkẹ́yìn sún mọ́ ọn. Ẹkún wà lójú rẹ̀. "Bọ̀dá, ṣé mo ti pa ọkọ̀ náà ni?"

"O fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á," ni Adájọ́ dáhùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo bàtà funfun rẹ̀ bóyá nǹkan ta sí i.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú mi, kò sì jáde. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ a máa bá èèyàn wá àwáwí. Mo sọ fún ara mi pé ojú ló tì í. Mo sọ fún ara mi pé lórí rédíò, níbi tí òtítọ́ wà, á sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nígbà tí a padà síbi iṣẹ́, Ìyá Ẹ́ńjìnnì tú ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà. Òórùn tó jáde níbẹ̀ lé ẹni méjì síta. Ìyá Ẹ́ńjìnnì tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ fún wa. Kòtò náà ò ní ojú ìṣàn kankan. Ohunkóhun tó bá wọ ibẹ̀, ì báà jẹ́ omi òjò, ì báà jẹ́ iyanrìn bàtà ọmọdé, ibẹ̀ ló máa jókòó sí, ẹ̀rọ kékeré tó ń fa ilẹ̀kùn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an bí ẹni tó tẹ́ ẹní sẹ́nu gọ́tà. Ẹ̀rọ náà ti mu èébì yó, ó ti kú.

"Búrẹ́dì ní ihò níbẹ̀," ni wọ́n wí, "ó sì ní ọwọ́ tí èèyàn lè fà. Wọ́n bọ́ ohun tó dára, wọ́n fi ohun tó lẹ́wà rọ́pò. Tó bá jẹ́ pé iná ló ń jó ńkọ́? Ta ló máa fa Ìyá Àgbà jáde?"

Adájọ́ ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. "Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọmọ tó bì kì í ṣe ẹ̀bi ọkọ̀. Àpò wa ò bì."

"Àpò ò ní ikùn!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí yàrá tó ti máa ń gba ohùn sílẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní òun ti mọ ohun tí òun máa sọ lọ́jọ́ Sátidé: pé Ìtura ni ọkọ̀ ìdílé tó dára jù tí òun ti wà rí.

"Ó dára fún ta ni?" ni mo bi í.

"Fún ẹni tó ń wà á. Ìfẹ́ mi, ta ló ń ra ọkọ̀ nítorí ìjókòó ẹ̀yìn? Ẹni tó ń wà á ló ń rà á. Èmi wà á, ó dùn mọ́ mi, mo sì máa sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀?" Ó gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó fi ohùn tí mo fẹ́ràn jù lọ sọ ọ́, ohùn tí kì í lò lórí rédíò. "Nígbà tí a bá ṣègbéyàwó, iwájú ni wàá máa jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nínú atutù. Àwọn ọmọ á wà lẹ́yìn. Á mọ́ wọn lára."

Mo ti máa ń fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yẹn lálàá, bó ṣe máa sọ ọ́ fún mi lójúkojú, ibi tó ti máa sọ ọ́. Ó wá sọ ọ́ tán, mo wo ẹnu rẹ̀, ṣingọ́ọ̀mù funfun ń yí láàárín eyín rẹ̀, nǹkan kan sì dìde láti ìsàlẹ̀ ikùn mi. Ìbínú kọ́. Èèyàn lè bínú sí ẹni tó fẹ́ràn, kí ó sì padà fẹ́ràn rẹ̀. Eléyìí dà bí ìgbà tí èèyàn ti jẹ èso dé ìdajì kó tó rí ìdin tó ń jà nínú rẹ̀. Mo fa ọwọ́ mi yọ. Mo ní mo fẹ́ lọ gbá ilẹ̀.

Ní ọjọ́ Fúráìdé, mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Mo bá a níwájú ilé, ó ń kó ẹrù inú Búrẹ́dì jáde: ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan, ike omi tó ti ṣófo, ìwé ìṣirò tí wọ́n ti wá tì. Mo sọ gbogbo ohun tí Ìyá Ẹ́ńjìnnì rí fún un.

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Mo mọ̀ pé kò dáa. Ṣé imú ò sí lójú mi ni? Ṣùgbọ́n Àbúrò, bí èmi tí mo jẹ́ àna rẹ̀ bá kọ ọkọ̀ tó yìn fún gbogbo ayé, ojú wo ni ìwọ máa fi wọlé rẹ̀? Wọ́n á ní ẹbí ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ já ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà nù. Ìgbéyàwó tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn, ṣé ó máa gbó?" Ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn Búrẹ́dì, ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ náà nu ọwọ́. "Màá gbà á. Màá máa fún àwọn ọmọ ní àpò láti bì sí. Màá máa sáré wá ṣí i fún wọn láti ìta. O fẹ́ràn rẹ̀. Mo rí ojú ẹ bó bá ń sọ̀rọ̀."

Ìyá Àgbà gbọ́ láti inú ilé. "Ẹ jẹ́ kó yé yín o, èmi ò wọ inú ìgbẹ́ funfun yẹn mọ́ láyé mi. Mo lẹ́sẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ẹ̀mí àwọn ọmọ rẹ̀ ra ọkọ fún mi. Síbẹ̀, kí n tó lè ní kó má ṣe é, ó di dandan kí n kọ́kọ́ sọ nǹkan kan lẹ́nu ara mi, mi ò sì tíì ní ìgboyà rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, Adájọ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá," ohùn yẹn ń wí, "ìtura ti dé ilé yín." Mo pa rédíò náà.

Lọ́sàn-án, a pàdé ní gbọ̀ngàn àwọn ọlọ́jà ọkọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán, gíláàsì ló yí i ká. Wọ́n ti fi rìbọ́nù pupa di Ìtura tuntun kan, wọ́n sì mú ayàwòrán wá, nítorí pé Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló máa fa kọ́kọ́rọ́ lé ẹni àkọ́kọ́ tó rà á lọ́wọ́. Ẹni náà ni ẹ̀gbọ́n mi. Kọ́kọ́rọ́ Búrẹ́dì ti wà lórí tábìlì ọlọ́jà.

"Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ kọ́kọ́ wọlé jókòó," ni ayàwòrán wí, "kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. Ẹ má fi ọwọ́ kan ara ọkọ̀ o."

Àwọn ọmọ tò wọlé. Ó kan Àbíkẹ́yìn. Kó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé, ọmọ náà dúró, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi di ẹnu ara rẹ̀ pinpin. Ojú rẹ̀ là tóó lókè ọwọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Ó fẹ́ wọ ọkọ̀ náà láì ní pa á.

Adájọ́ rí i. Ó fọ́wọ́ kan ayàwòrán léjìká. "Ó dà bíi pé ó ń ṣe ojú àwàdà. Yà á, ó dáa."

Ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi láti ọjọ́ yẹn wá dé ọ̀fun. Mo rìn lọ, mo gbé Àbíkẹ́yìn, mo sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbà á. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "Ọkọ̀ ni àbí ọkùnrin?"

"Àtọkọ̀ àtọkùnrin."

"Ṣé ó dá ẹ lójú? Má ṣe é nítorí mi o."

"Nítorí ara mi ni. Ó ń rí mi lára."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rédíò. "Ìfẹ́ mi, èébì kékeré yẹn náà ni? Wá, ká lọ sọ̀rọ̀ níta." Ó na ọwọ́ sí mi. Òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ ṣáájú ọwọ́ náà dé, mo sì sún sẹ́yìn láì rò ó, bí èèyàn ṣe ń sún sẹ́yìn fún ẹni tó ń húkọ́ síni lójú. Ó rí i. Èmi náà rí i pé ó rí i. Ọwọ́ rẹ̀ wà lófuurufú títí tí kò fi mọ ibi tó máa gbé e sí mọ́.

"O ò mọ ohun tí ò ń sọ nù," ló wí jẹ́jẹ́. "Obìnrin mélòó ló ń kọ̀wé sí mi?"

"Kí wọ́n máa jókòó síwájú," ni mo dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ síbi tábìlì, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí ọlọ́jà. Ọlọ́jà ń kùn pé àwọn ti fọ Búrẹ́dì, àwọn ti yọ nọ́mbà rẹ̀. "Ẹ dá a padà síbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó dúró tì wọ́n títí wọ́n fi dì í padà. Ìyá Àgbà, tí wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn wá láti ilé bí wọ́n ṣe lérí, ni wọ́n kọ́kọ́ wọ inú Búrẹ́dì. Wọ́n yan ìjókòó tó wù wọ́n.

A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí fóònù mi fi dún. Adájọ́ ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni. Mo rántí gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí ọkùnrin máa ń bẹ obìnrin nínú ìwé ìfẹ́, mo sì gbà pé ó máa dùn mí, mo tilẹ̀ gbára dì fún un. Mo kà á sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Jọ̀wọ́ bá mi bẹ Ẹ̀gbọ́n kí wọ́n padà wá kí a ya fọ́tò náà nìkan. Kò pọn dandan kí wọ́n rà á. Ayàwòrán ṣì wà níbí."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò pẹ́ tó fi dákẹ́. Ìyá Àgbà pòṣé, ó gùn láti ìkóríta kan dé òmíràn.

"Àbúrò," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ojú rẹ̀ wà lọ́nà. "Bí o bá fẹ́ sunkún, sun ún. Ará ilé la jẹ́."

Mo wá ẹkún náà. Mo wá a dáadáa, kò sí níbẹ̀.

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n mi," ni mo wí. "Mo fẹ́ wẹ̀ ni."